Ọ̀tá Inú Ilé Búrẹ́dì

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹlòmíràn ní í bá ni rí tiwa. Ẹ wo Ìyá Fadérera tó ni ilé búrẹ́dì, tí ẹnu rẹ̀ gbóná ju ààrò rẹ̀ lọ. Búrẹ́dì rẹ̀ kì í jáde àfi tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti jẹ ẹ̀wà yó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tó ń bá a tà á bínú, wọ́n ní àwọn ń lọ sí ilé búrẹ́dì mìíràn. Ni Ìyá bá kọjú sí Làmídì tó ń dáná ààrò: "Ọ̀lẹ, máa lọ sílé ẹ."

"Ìyá, ààrò ti gbóná tipẹ́. Àwọn tó ń po fúláwà ni mò ń dúró dè."

Ṣùbúọlá tó ń po fúláwà na ọwọ́ gbígbẹ síta. "Ẹ̀yin làwa náà ń retí, mà. Yàrá yín lẹ ti fúláwà mọ́, kọ́kọ́rọ́ wà nídìí yín, a ò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn bí ẹ bá ń gbàdúrà."

Àgbà nínú àwọn tó ń ta búrẹ́dì bi Ìyá pé, "Àdúrà kí ló ń pẹ́ tó báyìí?"

Ìyá ń tú kọ́kọ́rọ́ nídìí. "Kí Ọlọ́run fi ọ̀tá tó ń fa iṣẹ́ mi sẹ́yìn hàn mí ni."

"Ẹ ṣe àmín, Ìyá. Ó ti fi hàn."