Ìkòkò Tíì fún Ọwọ́ Ọ̀tún

Ọkùnrin kan wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò kú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì já geere, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ọwọ́ yẹn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Ọwọ́ yẹn náà ló fi ń po tíì ara rẹ̀ ní àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí nínú ilé. Ní báyìí, kò lè gbé kẹ́tùlù mọ́.

Ní ọsibítù, obìnrin tó ń bá àwọn aláìsàn na ẹ̀yà ara pe ọkọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yìí ṣì lè padà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jókòó lásán o. Ẹ wá nǹkan kékeré kan tí kò wúwo, tí Màmá fẹ́ràn, kí wọ́n máa fi ọwọ́ náà gbé e lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù."

Ọkọ ronú kan tíì. Ó rántí irú ìkòkò tíì kékeré kan tí àwọn ará Japan ń lò, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yọ láti ẹ̀gbẹ́ bí ọwọ́ ìgbákọ, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ lára láti dà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní ìgboro. Ìkòkò náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ papọ̀ mọ́ ti ìyàwó rẹ̀ kò tó o. Ó wọ òmíràn, wọ́n ní kò sí. Kò sinmi. Ó rìn títí ó fi dé ọgbà tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ wá láti Japan máa ń di àwo àti ife sínú rẹ̀ kí àyè má baà ṣòfò, àwọn obìnrin á sì tò wọ́n sórí tapólì lẹ́yìn ọgbà. Àárín àwọn àwo ìrẹsì ló ti rí i, aláwọ̀ ilẹ̀, kò tóbi ju ọsàn méjì lọ.

"Ìyá, èló lèyí?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, Bàbá."

"Háà! Ìkòkò tí kò tíì dàgbà, ẹ ń gba owó àgbà lórí rẹ̀?"

Olójà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ máa fún un lóúnjẹ. Á dàgbà."

"Ẹgbẹ̀rún méjì ni mo ní. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ rà á fún. Ara wọn ò yá."

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. "Ẹ mú un wá, Bàbá. Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ ní kí wọ́n fi gbádùn."

Títí di ibí yìí, kò sí ohun tí a lè bá ọkùnrin náà wí sí. Ọkọ rere ni.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ ọ̀tún sí ìkòkò náà. Ọwọ́ ń gbọ̀n, omi dà sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ó gbé e, ó sì da tíì sínú ife fúnra rẹ̀. Ó kígbe bí ọmọdé. "Bàbá Fadékẹ́mi, ẹ wò ó! Èmi ni mo dà á!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ ọkọ kan, alàgbà nínú ìjọ wọn, yà kí wọn. Ó gbé ìkòkò náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Ojúlówó Japan! Ẹ sì gbé irú èyí kalẹ̀ ní gbangba? Nǹkan àlejò nìyí o, ọ̀rẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọkùnrin yìí. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó tún pe ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀ ní ojúlówó. Bí àlejò ti lọ, ó fọ ìkòkò náà, ó nù ún, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwo ìgbéyàwó wọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi jẹun rí. Ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ní àárọ̀, ìyàwó rẹ̀ béèrè pé, "Ìkòkò mi dà?"

"Mo bá ọ pa á mọ́ ni. Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Bó bá fọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ rà á fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n."

"Jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ rí i ná."

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń da tíì fún un láti inú kẹ́tùlù sínú ife oníke, obìnrin náà á sì fi ọwọ́ òsì gbà á. Ọkùnrin náà rò pé òun ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ń sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò. Ìyàwó tún béèrè ìkòkò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó béèrè ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, kò béèrè mọ́.

Nínú oṣù kẹta, àlejò dé, àwọn àna wọn láti ìgboro. Ọkùnrin náà sáré ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé omi kaná. Àwọn àna wo ara wọn. "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Tíì nínú ooru yìí? Bí ẹlẹ́rìndòdò tútù bá wà, ìyẹn náà ti tó." Wọn kò wo ìkòkò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún tì í pa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n padà sí ọsibítù. Obìnrin ibẹ̀ gbìyànjú láti na àwọn ìka náà. Wọ́n ti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì ti le. Ó béèrè pé, "Kí ni Màmá ń fi ọwọ́ yìí gbé nílé?" Ọkọ ti ọwọ́ bọ àpò, ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ìyàwó kò tú u fó.

Nígbà tí wọ́n délé, ọkùnrin náà gbé ìkòkò jáde, ó po tíì sí i, ó gbé e ka iwájú ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká àwọn ìka náà mọ́ ọwọ́ ìkòkò. Wọn kò ṣí. Ó tún gbìyànjú. Obìnrin náà fi ọwọ́ òsì ti ìkòkò náà sẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ tí ẹ rà á fún ti lọ."

Olè kọ́ ló ja obìnrin yìí. Ọ̀tá kọ́ ló ṣe é. Ọkọ tó fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ìgboro nítorí rẹ̀ ló gba ọwọ́ rẹ̀, kí ẹni tí kò sùn nínú ilé náà, tí kò sì jí níbẹ̀, lè sọ pé nǹkan dáadáa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìwọ tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, inú ń bí ọ sí ọkọ yìí, mo rí i lójú rẹ. Ó yẹ kó bí ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ tí inú ń bí yìí, tìmùtìmù tuntun wà ní yàrá àlejò rẹ. Ó ń lọ sí ọdún kejì, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá rẹ tí ẹ̀yìn ń dùn ń sùn ní yàrá kejì, lórí èyí tó ti rì láàárín. O ní àlejò lè dé. Àlejò wo? Kí lorúkọ rẹ̀? Ọjọ́ wo ló ní òun ń bọ̀? Má sì sọ fún mi pé ìyá rẹ kò ráhùn. Ó ti béèrè títí ó fi sú u ni.

Dìde, máa lọ sílé. Fa ọ̀rá yẹn ya, kí ìyá rẹ sun orí tìmùtìmù náà lónìí.