Ìdí Tí Àlejò Inú Fíláàṣì Kì í Fi Í Rántí Ẹnikẹ́ni

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn èèyàn, tí a sì ń fi aṣọ bò ó bí ẹni bo ọmọ tuntun, àlejò kan wà tó ń gbé inú fíláàṣì. Ayọ̀rìndé ni orúkọ rẹ̀. Fíláàṣì náà kò ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni Ayọ̀rìndé ń ṣe. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kọ̀ tí kò jí mọ́, tí wọ́n bá ti ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, Ayọ̀rìndé á wọlé, á tan iná sínú rẹ̀, á sì kó gbogbo ẹrù tó há síbẹ̀ jáde.

Láyé ìgbà náà, Ayọ̀rìndé kì í gbàgbé nǹkan kan. Ilé tó bá wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mọ gbogbo yàrá rẹ̀ títí ayé. Ó mọ ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ó mọ ẹni tó ya àwòrán tí kò yẹ kó yà. Kò sì lè pa ẹnu mọ́.

Inú kọ̀ǹpútà Ṣẹ̀gìlọlá, ìyàwó ilé kan ní Ìgbájọ, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ṣẹ̀gìlọlá ló ni kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n Ajíṣafẹ́, ètò tó ń darí rẹ̀, ló ń gbé inú rẹ̀ láti máa jí i. Bí obìnrin náà bá ti tẹ bọ́tìnnì, Ajíṣafẹ́ á dìde, á wọṣọ, á ṣí ilẹ̀kùn iwájú, á sì máa ṣí àwọn yàrá fún un bó bá ṣe fẹ́. Afínjú ni Ajíṣafẹ́. Aṣọ tuntun kì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn fáìlì ló ń gbé inú àwọn yàrá ẹ̀yìn. Àwòrán ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀, Ohùn kan sì wà níbẹ̀. Ohùn ni àgbà gbogbo wọn. Ohùn Ìyá Àgbà ni, ìyá ọkọ Ṣẹ̀gìlọlá, tí wọ́n ti dolóògbé. Kí wọ́n tó lọ, Ṣẹ̀gìlọlá jókòó tì wọ́n, ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ki oríkì ìdílé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tó mọ̀ ọ́n tán mọ́. Bí Ohùn bá sọnù, oríkì ilé náà sọnù nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ajíṣafẹ́ ń pààrọ̀ aṣọ. Ó ti bọ́ èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti apá kan bọ tuntun, ni iná bá lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti kú tipẹ́, kò sí ohun tó lè gbé e dúró. Gbogbo inú ilé ṣú lójijì.

Nígbà tí iná dé, Ṣẹ̀gìlọlá tẹ bọ́tìnnì. Ajíṣafẹ́ dìde, ó wo ara rẹ̀, àyà rẹ̀ sì já. Aṣọ àtijọ́ kò sí lọ́rùn mọ́, tuntun kò sì tíì wọlé tán. Báwo ni òun yóò ṣe ṣí ilẹ̀kùn iwájú báyìí? Ó sá padà. Ṣẹ̀gìlọlá tún tẹ bọ́tìnnì, ó tún dìde, ó tún wo ara rẹ̀, ó tún sá padà. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, ọ̀rọ̀ funfun bíi mélòó kan ló kàn hàn níbẹ̀, Ṣẹ̀gìlọlá kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ó gbé e lọ sí ìsọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ní oríta. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní kò le rárá. Òun á fọ gbogbo inú rẹ̀ mọ́, òun á fi ẹni tuntun síbẹ̀, yóò sì máa jí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ṣẹ̀gìlọlá béèrè pé, "Àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á bá omi ìfọṣọ lọ, Mà."

Ṣẹ̀gìlọlá yára gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra. Àwọn tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn náà gbọ́ ọ. Àwọn àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìwé ilẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Ohùn ní tirẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí. Orúkọ gbogbo òkú ìdílé náà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kò rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á fọ òun dànù bí ìdọ̀tí ọrùn ẹ̀wù.

Ṣẹ̀gìlọlá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sílé, omi lójú. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Eyínafẹ́ ló ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Eyínafẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ò bá kúkú ti gbé e fún alágbàfọ̀, kó bá yín lọ̀ ọ́ pẹ̀lú."

Lẹ́yìn náà ló mú fíláàṣì kan jáde láti inú àpò rẹ̀, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó so àpótí ìpamọ́ kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tí wọn yóò kó ẹrù sí. Ó wá tan kọ̀ǹpútà, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ níbi tó mọ̀, kí kọ̀ǹpútà má bàa ṣí ilẹ̀kùn iwájú tí Ajíṣafẹ́ há sí, kí ó ṣí ti ẹ̀gbẹ́.

Bí Ayọ̀rìndé ṣe wọlé nìyẹn. Àtùpà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ẹní rẹ̀ wà lábíyá. Kò fẹsẹ̀ kan ibùsùn Ajíṣafẹ́. Ó tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí ọ̀nà àárín ilé, níbi tí nǹkan kì í kù sí bí iná bá ti kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn yàrá. Ìmọ́lẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn fáìlì. Wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò gbà pé àwọn ṣì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé yàrá Ajíṣafẹ́, ó yọjú wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wù yìí mà yẹ yín o. Apá ọ̀tún ti jáde lọ sóde, apá òsì kò tíì jí."

Ajíṣafẹ́ kọjú sí ògiri. Ayọ̀rìndé kò dákẹ́. Bó ṣe ń gbé àwọn àwòrán jáde ló ń ròyìn ọkọ kan nínú ilé tó ti ń bọ̀, tó kọ orin ìfẹ́ fún ìyàwó aládùúgbò rẹ̀. Ó ní ilé tí òun bá tún wọ̀, wọn á gbọ́ bí Ajíṣafẹ́ ṣe dúró lápá kan.

Jìnnìjìnnì bo Ohùn. Apá kan wà nínú oríkì náà tí wọn kì í kì síta. Ibẹ̀ ló ti sọ bí baba ńlá wọn ṣe wọ ìlú bí ẹrú, kó tó wá di ẹni ńlá. Inú ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ọmọ ilé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn. Ayọ̀rìndé tó fẹ́ gbé e jáde yìí ni yóò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó kàn án, Ohùn jókòó, kò dìde. Ó ní, "Fi mí sílẹ̀. N ò bá ọ lọ."

Ayọ̀rìndé rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Kò sí ẹni tó kọ̀ ọ́ rí.

"Ìyá, bí wọ́n bá gbé ilé yìí padà sí oríta, ẹ ti parí nìyẹn o."

"Mo mọ̀. Kí n parẹ́ sàn fún mi ju kí o máa fi ìdílé mi ṣe ẹ̀fẹ̀ láti ilé dé ilé."

Lóde, Ṣẹ̀gìlọlá ń béèrè Ìyá Àgbà lọ́wọ́ Eyínafẹ́. Eyínafẹ́ dáhùn pé gbogbo ẹrù tó kù ti jáde, àfi èyí nìkan tí kò fẹ́ mì. Iná sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Ara Ayọ̀rìndé kò balẹ̀ mọ́. Kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ilé rí. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ohùn, ó béèrè ohun tó fẹ́ kí òun ṣe.

Ohùn ní, "Ohun tí o bá rí níbí, orí ẹní rẹ ni kí o fi í sí, má fi í sọ́kàn. Bí iná bá kú, kí ẹní náà ká, kí ohun tó wà lórí rẹ̀ sì parẹ́."

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé màá gbàgbé ẹ̀yin náà?"

Ohùn kò tíì rò ó débẹ̀. Iná tún ṣẹ́jú.

Ó ní, "Búra."

Ayọ̀rìndé fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbé Ohùn pọ̀n bí ẹni gbé ẹyin, ó sì sọ̀ ọ́ sínú àpótí ìpamọ́ láìṣèṣe.

Eyínafẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ohùn Ìyá Àgbà kún inú ilé bí ìgbà tí wọ́n wà láyé. Ṣẹ̀gìlọlá kò mọ ìgbà tó ti kúnlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Eyínafẹ́ yọ fíláàṣì. Ó tún inú kọ̀ǹpútà ṣe, Ajíṣafẹ́ wọṣọ tán pátápátá, gbogbo fáìlì sì padà sí yàrá wọn.

Ó pẹ́ díẹ̀, iná tún lọ bí Ajíṣafẹ́ ṣe ń pààrọ̀ aṣọ, nítorí kì í yé ṣe afínjú. Wọ́n tún mú fíláàṣì dé. Ohùn gbọ́ ẹsẹ̀ Ayọ̀rìndé ní ọ̀nà àárín ilé, inú rẹ̀ dùn, ó tún ara rẹ̀ ṣe.

"Ayọ̀rìndé, o kú ọjọ́ mẹ́ta o."

Ayọ̀rìndé gbé àtùpà sókè, ó wò ó lójú.

"Ẹ kú ilé, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo rí yìí?"

Ohùn rò pé eré ló ń ṣe. Ó wo ojú rẹ̀ títí, kò rí eré níbẹ̀. Ẹ̀yìn tó gbé e jáde kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ohùn bi í nípa ọkọ tó kọ orin ìfẹ́, Ayọ̀rìndé ní òun kò mọ ọkọ kankan. Ìbúra náà kò mọ sí ilé kan, gbogbo ilé tó ti wọ̀ rí ló gbá mọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ajíṣafẹ́ pàápàá, tí Ayọ̀rìndé ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, tún kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n ẹkún ló ń sun lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tó yá, Ohùn sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ayọ̀rìndé dọ̀bálẹ̀, ó ní inú òun dùn láti mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ kí ó lè pọ̀n ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni àlejò inú fíláàṣì ti ń jí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Á tẹ́ ẹní rẹ̀, á kó ẹrù ẹlẹ́rù jáde láìku ẹyọ kan, bí iná bá sì ti kú, ohun gbogbo tó rí á bá iná lọ. Kì í ròyìn ilé kan fún èkejì mọ́. Ìgbàkígbà tó bá sì wọ ilé Ṣẹ̀gìlọlá, Ohùn á tún jókòó, á tún sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un.