Àpótí Tó Là Mọ́ Ìyá Àgbà Nídìí

Nígbà láéláé, tí ẹyẹ àti ẹranko ṣì jọ ń lọ sí iléèwé kan náà, àgógó ẹnu Àkókó rọ̀ bí ti ẹyẹlé, kò sì sí pupa kankan lórí rẹ̀.

Tíṣà Ìnàkí ló ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́. Akàn mú iṣẹ́ irin, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti jọ ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ tẹ́lẹ̀. Aláǹtakùn mú aṣọ híhun. Ní ti Àkókó, igi gbígbẹ́ ló mú. Ó fẹ́ gbẹ́ àpótí fún ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, torí orúnkún ń dun màmá náà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì ń jókòó sí.

Tíṣà máa ń sọ pé, "Ẹ kan igi kí ẹ tó gbẹ́ ẹ o! Tó bá ti gbẹ, á dáhùn ketekete. Tó bá tutù, ohùn rẹ̀ á rì, oòrùn á sì là á."

Àkókó gbọ́, àmọ́ ojú ń kán an. Ọjọ́ àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀, igi tútù sì rọrùn láti gbẹ́. Ló bá gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ó ń súfèé.

Lọ́jọ́ àfihàn, oòrùn mú janjan. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí náà níṣojú gbogbo òbí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ "kàá!" Àpótí là sí méjì, màmá sì wà nílẹ̀.

Ojú ti Àkókó, ó bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò fara pa, Màmá?"

"Ìdí mi nìkan ló fara gbá a," ni ìyá àgbà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà sáré gbé àga wá, màmá kọ̀. "Tọmọ mi ni mo fẹ́. Lọ gbẹ́ òmíràn, ọkọ mi. Mò ń dúró dè ọ́."

Àkókó bọ́ sínú igbó. Ẹnu rẹ̀ rọ̀ jù, ló bá ń fi orí kan igi títí orí fi bó. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Akàn rọ irin tín-ínrín, ó fi bo àgógó ẹnu rẹ̀. Aláǹtakùn hun fìlà pupa, ó fi bo ojú egbò náà.

Kó! Kó! Kó! Igi kan dáhùn ketekete. Àkókó gbẹ́ ẹ, kò kánjú rárá. Ó gbé àpótí tuntun náà fún ìyá àgbà. Màmá jókòó sórí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ní òun ò dìde mọ́ lónìí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu Àkókó ti le bí irin, tí fìlà pupa ò sì kúrò lórí rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tó ń kan igi nínú igbó, ẹ má dà á láàmú. Kò fẹ́ kí màmá rẹ̀ tún ṣubú ni.