Ṣòkòtò Kíjìpá Ọdẹ́yalé

Ọmọ bàbá kan náà ni Láníyọnu àti Ọdẹ́yalé ní agbo ilé Olókò, ṣùgbọ́n ìyá wọn yàtọ̀. Láníyọnu ni ẹ̀gbọ́n. Ó ga, ó mọ aṣọ wọ̀, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti jókòó, ó jókòó nìyẹn. Ọdẹ́yalé àbúrò rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá. Ọkùnrin yìí kì í lè gbé ojú kan. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, ìnàró ni yóò wà tí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ìyá rẹ̀ a máa ní, "Ọmọ yìí, ṣé èèrà wà nídìí rẹ ni?" Kódà nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó, àná rẹ̀ kò tíì súre tán tó fi ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò yóò rọ̀.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó náà ń jẹ́, ahunṣọ sì ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Àlàpà, oko bàbá rẹ̀ tó jìnnà sílé gan-an, ó hun aṣọ kíjìpá tó nípọn fún un, ó rẹ ẹ́ sínú aró títí ó fi dú bí ọ̀run òru, ó sì fi rán ṣòkòtò. Ṣòkòtò náà le gbagidi. Bí wọ́n bá gbé e nàró, yóò dá dúró. Ó tún gbòòrò ju ìdí Ọdẹ́yalé lọ, tí ọkùnrin náà fi ń bi í pé ṣé èèyàn méjì ni yóò jọ máa wọ̀ ọ́.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ má dà mí lóhùn bẹ́ẹ̀, ọkọ mi. Kíjìpá tuntun ń súnkì. Ẹ wọ̀ ọ́ wọnú odò, kí ẹ jókòó síbẹ̀ títí yóò fi mu omi yó. Bí ẹ bá jáde, ẹ má bọ́ ọ. Ẹ dúró ṣánṣán kó gbẹ mọ́ yín lára. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń súnkì o. Bí ẹ bá ṣe wà lọ́jọ́ náà ni yóò ṣe bá yín mu títí yóò fi gbó."

Ọdẹ́yalé gbọ́. Ó jókòó sínú odò Àlàpà, ó ń ṣépè fún ẹja tó ń já a lẹ́sẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gun orí àpáta, ó dúró bí òpó. Kò pẹ́ tó fi rí koríko tó ti yọ láàárín ebè. Ó gbójú kúrò. Ó tún wò ó. "Kí ló tiẹ̀ dé tí èmi àgbàlagbà yóò dúró máa ṣọ́ ṣòkòtò bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀pà?" Bó ṣe gbé ọkọ́ nìyẹn. Omi ń kán, aró ń ṣàn dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ń kọ ebè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ni aṣọ sì ṣe gbẹ mọ́ ọn lára.

Nígbà tí Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ wá sóko, ó fọwọ́ lérí. "Yéè! Kí lẹ ṣe sí aṣọ mi?" Orúnkún ṣòkòtò ti yọ gọnbu síwájú, ìdí rẹ̀ ti fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti sá sókè. Bí ọkọ rẹ̀ bá nàró, ṣe ló dà bí ẹni tó wọ ṣòkòtò oníṣòkòtò.

Ọdẹ́yalé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, aṣọ sì bá a mu bí awọ ara. Ó ní, "Ìgbà wo ni mo tiẹ̀ ń nàró lóko?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ ṣáà má wọ̀ ọ́ wálé. Wọn ó ní n kò mọ aṣọ hun." Láti ọjọ́ náà ni ṣòkòtò kíjìpá ti ń gbé inú ahéré lórí èèkàn. Ọdẹ́yalé a wọ̀ ọ́ bó bá débẹ̀, a bọ́ ọ bó bá ń bọ̀ wálé.

Àlàpà wá di oko tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Iṣu ibẹ̀ tóbi débi pé ẹyọ kan ń bọ́ ilé. Àmọ́ bàbá wọn kú, ọ̀rọ̀ tó sì sọ fún baálé agbo ilé wọn kó tó kú ni pé, "Ẹni tó bá ń ṣe oko Àlàpà ni kí ẹ fún." Ni Láníyọnu bá jáde pé òun lòun ń ṣe é, pé pańpẹ́ ọ̀yà ni Ọdẹ́yalé ń lọ dẹ síbẹ̀. Irọ́ ńlá! Ilé àlè ní ìlú kejì ni Láníyọnu ń lọ ní gbogbo ìgbà tó bá ní òun ń lọ sóko. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí Àwẹ̀ró, tí wọn kò ní gba ẹ̀rí rẹ̀ nítorí pé ìyàwó ni, ta ló bá wọn dé Àlàpà? Ohun tí ará ilé mọ̀ kò ju pé àwọn méjèèjì máa ń lọ, wọ́n sì máa ń bọ̀.

Baálé pe ẹjọ́. Láníyọnu wọ sányán, ó jókòó jẹ́jẹ́, ó ń dáhùn bí ọlọ́gbọ́n. Ní ti Ọdẹ́yalé, kò lè gbé ojú kan. Òjò ti tètè dé lọ́dún náà, ìtàkùn iṣu ti ń rákò nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a ri igi tí wọn yóò gùn. Ó jókòó, ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú sánmà, ó padà. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, kò gbọ́.

Àgbà kan mi orí. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló dé tí ara rẹ̀ kò balẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọdẹ́yalé lọ́kàn. Ẹ̀rù bà á gan-an. Bí Àlàpà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ilẹ̀ mìíràn, oyún sì wà nínú Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Kò sẹ́ni tó ń fi sányán kọ ebè. Ẹ bi àwọn méjèèjì pé níbo ni ṣòkòtò oko wọn wà."

Láníyọnu kò jẹ́ kó tutù. "Tèmi wà ní ahéré, lórí èèkàn." Ó mọ̀ pé kò sí àgbẹ̀ tí kì í fi nǹkan kọ́ sí ahéré.

Ọdẹ́yalé ní, "Tèmi náà wà níbẹ̀, Bàbá."

Baálé ní, "A jẹ́ pé méjì la ó bá."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, baálé àti àgbà méjì tẹ̀ lé wọn dé Àlàpà. Ṣòkòtò kan ṣoṣo ni wọ́n bá. Láníyọnu ti nawọ́ já a. "Òun rèé! Tìẹ dà, Ọdẹ́yalé?"

"Irọ́ lẹ ń pa!"

Àgbà kan kígbe mọ́ ọn, "Ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń pè lópùrọ́?"

Baálé ní kí Láníyọnu wọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́, ó nàró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣòkòtò náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọjá ìdí. Àwọn àgbà ń mi orí pé ó bá a mu. Ọdẹ́yalé rò pé ó ti tán fún òun.

Baálé na ọkọ́ sí Láníyọnu. "Ó dáa. Kọ ebè kan fún wa."

Láníyọnu bẹ̀rẹ̀, aṣọ kò bá a bẹ̀rẹ̀. Nítorí ó ga ju àbúrò rẹ̀ lọ, àyè orúnkún bọ́ sókè níbi itan rẹ̀, ìdí ṣòkòtò tó fẹ̀ tó ti Ọdẹ́yalé kò sì gba tirẹ̀. Ó gbìyànjú láti lóṣòó, ó dúró sí agbede méjì bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. "Yéè! Ìdí mi o!" Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí pé ẹjọ́ làwọn wá dá.

Ọdẹ́yalé gbà á, ó wọ̀ ọ́. Bó ṣe nàró, ó burú. Kò dúró kí wọ́n na ọkọ́ sí i, ó ti gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀, aṣọ bá a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó kọ ebè kan, ó kọ òmíràn, ó bọ́ sídìí ìtàkùn iṣu, ó ń ri igi. Baálé pè é, igi mìíràn ló nawọ́ mú. Ọkùnrin tí kò lè jókòó lánàá, ara rẹ̀ ti balẹ̀ pátápátá.

Láníyọnu dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Baálé ní, "Ọdẹ́yalé, tìrẹ ni Àlàpà. Wọ ṣòkòtò yìí ká lọ sílé, kí ìlú wá wo ohun tó ń bọ́ wọn."

Ọdẹ́yalé bọ́ ọ, ó fi kọ́ sórí èèkàn. "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa gbé ibí. Iṣẹ́ ń dúró dè é lọ́la."

Wọ́n padà sílé láìmú un dání. Nígbà ọdún iṣu, gbogbo ènìyàn wọ aṣọ ńláńlá, wọ́n jẹ iṣu Àlàpà yó, àlejò kan sì ń bèèrè èwo nínú àwọn aláṣọ wọ̀nyí ló ṣe irú iṣẹ́ àrà bẹ́ẹ̀. Baálé wo agbo sányán àti etù yí ká, ó sì mi orí. "Kò sí níbí. Ahéré Àlàpà ni aṣọ tó ṣe é ń gbé." Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ṣòkòtò tó ń ṣiṣẹ́ àrà, oko ló ń gbé.