Erùpẹ̀ tí Mo Pọ̀n

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń mí lábẹ́ ìdí rẹ̀, nítorí èmi Àwẹ̀ró, obìnrin tó jogún ìbọn bàbá rẹ̀, mo ti bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ rí, ó sì dá mi lóhùn.

Pàkúté ló mú ẹ̀gbọ́n mi Ògúndíjọ lẹ́sẹ̀. Egbò náà kọ abẹ́rẹ́, ó kọ oògùn oníhóró. Dókítà Ìbíwùmí ní kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ti mọ oògùn wa bí ọ̀bọ tó ti gbọ́ ìró ìbọn ṣe ń mọ ìrìn ọdẹ. Ó ní kí n bu erùpẹ̀ wá níbi tí ọkọ́ kò kàn rí, torí àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan ń bẹ nínú ilẹ̀ tí ń fi oró lé aládùúgbò wọn. Inú irú oró bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí oògùn tuntun.

Mo wọ Igbó Àìdáko. Igi ń súfèé sí mi, ìtàkùn ń béèrè orúkọ ìyá mi, n kò dúró. Mo bu erùpẹ̀, mo sì ṣe bí ọdẹ tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́ lọ́nà: mo dáná, mo yan án gbẹ. Abéèrè kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè. Nínú àwo tí dókítà gbin erùpẹ̀ náà sí, ohunkóhun kò hù.

Ó ní, “Àwẹ̀ró, o ti yan wọ́n kú.”

Mo padà sínú igbó. Iwin kan dìde láti inú ilẹ̀, èémí rẹ̀ ń rùn bí òjò àkọ́rọ̀.

“Ìwọ tí o sun àwọn ọmọ mi, kí lo tún ń wá?”

Mo ní mo ṣe é bí ẹran ni.

“Ẹran là ń yan, ọmọ ọdẹ. Ọmọ là ń pọ̀n.”

Mo fi ewé tútù di erùpẹ̀, mo fi ọ̀já gbà á mọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n ń bi mí lójú ọ̀nà pé ta ni bàbá ọmọ. Mo ń rìn lọ, n kò sinmi.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀dá funfun kan hù nínú àwo, kòkòrò egbò tí dókítà gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì kú yí i ká. Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Dókítà dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní ohun tó pa kòkòrò lè pa ènìyàn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn yóò fi dán an wò. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò lè dúró dè é. Wọ́n gé e.

Nígbà tó jí, ó wo aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí ẹsẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó wò mí.

“Àwẹ̀ró, ẹsẹ̀ kan ṣì kù. Má jókòó.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má lo oògùn dé ìdajì kí kòkòrò má baà mọ̀ ọ́n, ẹ má sì fi iná sun igbó tí ẹ kò mọ olùgbé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọ̀já yẹn sí mi, mo tún ń padà sí igbó.