Orí Amọ̀ tó Tẹ Amọ̀yè Dó

Ẹ̀yin ọmọ Amọ̀yè, ọmọ ajóná-má-fọ́, ẹ súnmọ́ mi kí ẹ gbọ́. Mo ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà púpọ̀, mo ti sùn ní ìlú tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Mi ò tíì rí ìlú mìíràn tí orí amọ̀ tẹ̀ dó.

Nígbà tí ogun tú Òkè-Àgbède, ìlú àwọn baba ńlá yín, ọba wọn wàjà lójú ọ̀nà, inú igbó ni wọ́n sì sin ín sí. Àrẹ̀mọ rẹ̀, Adéròmọ́kun arìnnàkore, ló ṣíwájú àwọn tó kù. Létí ibojì náà ni àwòrò odò wọn, arúgbó tí wọ́n ń gbé pọ̀n, ti sọ fún un pé:

"Ẹ fi amọ̀ mọ orí bàbá yín níbi tí ẹ bá dúró sí, kí ẹ sì sun ún. Bí iná bá fọ́ ọ, ẹ má kọ́lé níbẹ̀. Ibi tó bá ti la iná já ni ilé yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni. Bí ìkẹta bá fọ́, kí oníkálukú gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ kì í ṣe ìlú mọ́."

Olorì Àyọ̀ká, ìyàwó ọba tó kéré jù, ọmọ amọ̀kòkò, ni iṣẹ́ náà já lé lọ́wọ́. Àmọ́ àwọn olóyè ò jẹ́ kó ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀dọ̀fin, àgbà wọn, ní ẹnu ọba kì í ṣí ní gbangba. Ìlẹ̀kẹ̀ adé ló ń bò ó. Wọ́n ní kó pa ẹnu orí náà dé, kó dí imú, kó dí etí, kí ojú sì máa dán bí ojú ọmọ tuntun. Olorì gbọ́ràn. Nídìí ìrókò kan, orí àkọ́kọ́ bú gbàmù nínú iná. Lẹ́bàá àpáta, ìkejì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn lọ́tọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé etí odò tí ẹ ń pọn lónìí, Olorì kó àfọ́kù ìkejì síwájú Adéròmọ́kun. Ó fi hàn án pé inú ló ti fọ́ wá: ooru há síbẹ̀, kò rí ibi gbà jáde. Ó ní òun fẹ́ dá ẹnu, imú àti etí lu.

Inú bí Ọ̀dọ̀fin. "Olorì, ṣé ẹ fẹ́ kí Kábíyèsí máa hanrun lójú ará ìlú ni?"

"Wọ́n máa ń hanrun, Bàbá," ni Olorì dá a lóhùn. "Ẹ̀yin mọ adé. Èmi ni mo mọ ojú."

Ẹ̀rín gbọ̀n àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, wọ́n gbé e mì. Adéròmọ́kun mú àfọ́kù kan, ó yí i wò. Ó mọ̀ pé bí eléyìí bá fọ́, orúkọ bàbá òun parẹ́ nìyẹn. Ó wá ní, "Ẹ dá a lu, Ìyá mi. Bó bá fọ́, èmi ni kí wọ́n bú."

Ọjọ́ mẹ́fà ni Olorì fi mọ ọ́n. Ó la ẹnu rẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó fi àpá ìgbà èwe sí àgbọ̀n, ó fi àìsùn ọdún ogun sábẹ́ ojú. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń sun ún. Èéfín ń gba ẹnu àti imú jáde bí ẹni ń mí. Nígbà tí eérú tutù, wọ́n gbé e jáde: ó pọ́n, ó pé, kò sán.

Ọ̀dọ̀fin, tó ti bá ọba náà jókòó fún ọgbọ̀n ọdún, wò ó pẹ́. Ó bi Olorì jẹ́jẹ́ pé, "Bí wọ́n ṣe rí nìyí?" Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Amọ̀yè, nítorí pé amọ̀ wọn yè.

Títí di òní, lọ́dọọdún, bí odò bá ti fà, ọba Amọ̀yè á ṣí adé sílẹ̀ láàfin, á rìn lọ sí àgbàlá àwọn amọ̀kòkò. Á jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin, á jẹun, á tàkúrọ̀sọ, kí wọ́n lè wo ojú rẹ̀ tẹ́rùn. Olóyè kankan kì í bá a wọlé. Ìta ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á máa gbọ́ ẹ̀rín.