Ṣé Eérú Ni, àbí Iná Títí Láé?

“Ẹsẹ Bíbélì kan ní ẹni búburú yóò di eérú, òmíràn ní yóò máa jó títí láé. Tó bá ti di eérú, kí ló tún ń jó?” Ṣijúadé bi gbogbo olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kó lọ bi Bàbá Ìjọ, ọmọ náà ò sì rí oorun sùn mọ́. Bàbá Ìjọ bínú, wọ́n ní kí ìyá ọmọ náà wá sọ níwájú ìjọ èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ náà ò ní ṣèrìbọmi. Obìnrin náà dìde, ó lọ kúnlẹ̀ fún arúgbó tó bí Bàbá Ìjọ. “Màmá, nígbà tí Bàbá wà ní kékeré, tí wọ́n ń sáré lọ sétí odò, kí lẹ máa ń wí?” “Mo ní n ó lù ú pa. Nígbà míì, mo ní n ó nà án títí láé.” “Èwo lẹ wá ṣe?” “Ọmọ mi ò bómi lọ, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.” Obìnrin náà yíjú sí Bàbá Ìjọ. “Bàbá, èwo ni irọ́ nínú ọ̀rọ̀ Màmá?” Bàbá Ìjọ wo ìyá wọn, ìyá wọn náà ń wò wọ́n. “Ẹ kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ fún ìrìbọmi,” ni wọ́n wí. Nígbà tí ìyá àti ọmọ délé, Ṣijúadé ní, “Ọlọ́run ò kàn fẹ́ ká bómi lọ ni?” “Òun ni. Ó yá, sùn.” Ó sùn, àwọn àbúrò rẹ̀ sùn, ìyá wọn náà sùn lọ lórí àga, tòun ti gèlè lórí.